Ìjánu Ọkọ̀ Làmídì

Kàmọ́rù, má tíì gbé ọkọ̀ yẹn jáde. Mo ní má tíì gbé e jáde! Pa iná rẹ̀, kí o wá jókòó. Òjò yìí kò ní í dá nísinsìnyí, ta ló sì ń lé ọ? Tóbi, fa bẹ́ǹṣì yẹn wá sábẹ́ páànù. Ẹ̀yin yòókù náà, ẹ sún mọ́bí, ẹ má jẹ́ kí n pariwo. Ohùn mi kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ohun tí Kàmọ́rù wá sọ fún mi láàárọ̀ ni kò jẹ́ kí n lè jẹun ọ̀sán. Ó wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín, ó ní, "Bàbá, mo ti yọ díróòmù iwájú ọkọ̀ akẹ́rù yẹn kúrò, mo ti fi díìsì tokunbo rọ́pò rẹ̀, mo sì fi sìlíńdà ńlá sẹ́yìn. Mo gbé e dé Ring Road, mo bọ́ sílẹ̀, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Gbogbo wọn ló gbóná dọ́gba, bí ẹ ṣe kọ́ wa gẹ́lẹ́." Ó dúró, ó ń retí kí n yìn ín. Mo ní kó lọ jẹun ná, mo sì jókòó síbí, mò ń wo ọkọ̀ náà. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ohun tó ṣe yẹn, kò purọ́ mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wà ńbẹ̀ tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú yáàdì yìí rí, ọ̀rọ̀ náà sì kàn án ju bó ṣe rò lọ. Ẹ jẹ́ kí n gbà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ń yà sọ́tùn-ún yà sósì, ẹ fojú fò ó. Arúgbó kì í rìn tààrà.

Ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ẹ̀yin rí àdúgbò Challenge ní Ìbàdàn yìí lónìí, ẹ rí ṣọ́ọ̀bù lórí ṣọ́ọ̀bù, ẹ kò lè gbọ́ ohùn ara yín nítorí ariwo jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí èmi ti Ṣakí wá síbí, koríko ló wà níbi tí a jókòó sí yìí. Ewúrẹ́ ń jẹ̀ láàárín àwọn ọkọ̀ tó dẹnu kọlẹ̀. Láàárọ̀, kí oòrùn tó là, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ni òòlù. Kó, kó, kó. A kì í ra páàdì inú páálí nígbà náà. Awọ ìjánu la máa ń gé, a ó lu ihò sí i, a ó sì fi ìṣó bàbà kàn án mọ́ ara ṣúù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá kọ̀ọ̀kan ló ní bí òòlù tirẹ̀ ṣe ń ró. Mo lè wà lórí ẹní, ojú mi ṣì dì, kí n sì mọ ọ̀gá tó ti jí àti èyí tó mutí sùn. Òórùn awọ náà tó bá gbóná, bíi ti irun tó jó ló rí. Eruku rẹ̀ ni mo ṣì ń wúkọ́ títí dòní, ẹ gbọ́ ọ fúnra yín. Síbẹ̀, bí mo bá sọ pé òòlù yẹn kò wù mí í gbọ́ mọ́, irọ́ ni mo pa. Ó ń wù mí gan-an ni.

Tóbi, ìwọ tó jẹ́ pé wáyà àti kọ̀ǹpútà nìkan lo mọ̀, o ń rẹ́rìn-ín. Ṣé o tilẹ̀ mọ ohun tí à ń sọ? Díróòmù jẹ́ irin bí ìkòkò tó bo ìjánu mọ́nú ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ṣúù méjì, irin tó tẹ̀ kọrọdọ tí a kan awọ mọ́, ló wà nínú rẹ̀. Bí dírẹ́bà bá tẹ ìjánu, ṣúù méjèèjì á ṣí, á sì tẹ̀ mọ́ ara ìkòkò náà láti inú. Díìsì ní tirẹ̀, àwo irin pẹlẹbẹ ni, ìta gbangba ló wà, páàdì méjì ló ń há a mọ́ àárín. Ọkọ̀ akẹ́rù ayé ìgbà yẹn, díróòmù ló wà lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó lágbára, ṣùgbọ́n ó le í tẹ̀. Dírẹ́bà tí kò jẹ iyán kò lè wà á.

Oríṣiríṣi la rí nígbà náà. Dírẹ́bà kan wà, ará Ìgbòho, tí ọ́ìlì ìjánu rẹ̀ gbẹ lọ́nà, tó lọ bu omi ọṣẹ sí i. Bó ṣe wọ yáàdì wa tó tẹ ìjánu, ìfóòfó funfun bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkọ̀ náà bí ẹni ń fọ aṣọ. Ó gba orí koríko lọ, ó wọ àárín àwọn ewúrẹ́, igi máńgòrò ló dá a dúró. Kò sóhun tó ṣe é. Ọ̀gá mi ní, "O ti wẹ̀ tán, ó ku kí o para." Ọdún méjì gbáko la fi ń pè é ní Alágbàfọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tó parẹ́ tó ń dùn mí jù. Jíjẹ́rìí là ń pè é. Ẹni tó bá tún ìjánu ọkọ̀ ṣe, òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jókòó ti dírẹ́bà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló gbọ́dọ̀ bá a jáde, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ẹrù, lẹ́ẹ̀kan lófìfo. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè-Àdó la máa ń lọ ní kùtùkùtù, kí àwọn oníṣọ́ọ̀bù tó ṣílẹ̀kùn. A ó gun òkè, a ó yí padà, dírẹ́bà á sì jẹ́ kí ọkọ̀ máa sọ̀ kalẹ̀. Ìwọ tí o ṣe ìjánu ni yóò sọ pé, "Tẹ̀ ẹ́." Bí kò bá mú, ìwọ náà wà ńbẹ̀. Ọ̀gá mi máa ń sọ pé, "Ìjánu tí o kò lè fi ara rẹ jẹ́rìí sí, má fi ọmọ ọlọ́mọ dán an wò." Ìyá àwọn ọmọ mi kì í bá mi sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ tí mo bá fẹ́ lọ jẹ́rìí. Á gbé ẹ̀kọ gbígbóná síwájú mi, á sì máa kọ orin ìjọ lábẹ́lẹ̀ títí n óò fi dé. Bí mo bá dé, ìgbà náà ló máa tó bínú.

Tí a bá ti sọ̀ kalẹ̀ tán, a ó bọ́ sílẹ̀, a ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àtẹ́lẹwọ́ mọkáníìkì ti yi, kò mọ iná mọ́. Ẹ̀yìn ọwọ́ ni kì í purọ́. A ó máa kà á: ení, èjì, ẹ̀ta. Ibi tí o bá ka dé kí o tó yọ ọwọ́, ibẹ̀ náà ni kí o kà dé lára ẹsẹ̀ mẹ́ta yòókù. Èyí tó bá gbóná jù, ó ń ṣe àṣejù. Èyí tó bá tutù, ọ̀lẹ ni. A ó dín ti aláṣejù, a ó fún ọ̀lẹ pọ̀, títí gbogbo wọn yóò fi gbóná dọ́gba. Òfin wa nìyẹn, ó sì ṣiṣẹ́ fún wa. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbí, ẹ̀yìn ọwọ́ yín kò ní àpá kankan. Ẹ wo tèmi.

Kàmọ́rù, mo ti ń bọ̀ sọ́dọ̀ bàbá rẹ báyìí.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ Làmídì, òun ló bí Kàmọ́rù. Ọkùnrin gíga, ẹlẹ́rìn-ín àrínkígbe. Ará Ṣakí lòun náà, ọkọ̀ kan náà ló gbé wa wá sí Ìbàdàn, àwa méjèèjì jókòó sórí iṣu, wọ́n sì gba ẹsẹ̀ wa mú kí a má baà já bọ́. Mo kọ́ iṣẹ́ ìjánu, ó kọ́ ọkọ̀ wíwà. Onítẹ̀bọmi ni mí, Mùsùlùmí ni òun. Bí Iléyá bá dé, itan àgbò kan ni tèmi láìbéèrè. Bí Kérésì bá dé, ó ti mọ àga tí yóò jókòó sí nílé mi. Ọjọ́ tí àwọn àgbà yáàdì bá sì ń ṣọdún Ògún, àwa méjèèjì kì í bọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n a kì í lu irin. Kò sẹ́ni tó ń lu irin lọ́jọ́ náà. Gbogbo Challenge á dákẹ́ rọ́rọ́, ẹ máa gbọ́ ẹyẹ. Èmi àti Làmídì á jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, a ó máa jẹ iṣu sísun tí wọ́n bù fún wa, ó máa ń sọ pé, "Ará ilé, ṣé bí ayé ṣe dákẹ́ tó nìyí kí wọ́n tó rọ irin?" Ará ilé ló ń pè mí. Wọ́n ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Àwa méjì ṣe é ju ogójì ọdún lọ, a kò sì jà rí.

Iṣu ló ń kó, láti Ṣakí sí ọjà Bódìjà. Ọkọ̀ onípákó ni, ó kọ "Ṣe Sùúrù" síwájú orí rẹ̀. Ó ń wà á títí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ fi jókòó sílé. Ìgbà tó yá, orúnkún ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ìjánu ọkọ̀ náà le, ó máa ń dìde lórí àga kó tó lè tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ó wá bá mi níbí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó jókòó sórí táyà, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ará ilé, orúnkún yìí fẹ́ gba ọkọ̀ lọ́wọ́ mi. Kàmọ́rù ti ń sọ pé kí n sinmi. Bí mo bá sinmi, kí ni mo fẹ́ máa ṣe? Kí n máa ka páànù ilé ni? Wá nǹkan ṣe sí i fún mi."

Ojú rẹ̀ ṣe mí láàánú. Mo ní, "Fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún mi."

Mo lọ sí Gate, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, mo yọ díìsì lára ọkọ̀ tokunbo kan tó ti kú, pẹ̀lú sáfó rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń ran ẹsẹ̀ dírẹ́bà lọ́wọ́ láti tẹ ìjánu. Kò sẹ́ni tó tíì ṣe irú rẹ̀ rí ní yáàdì wa. Wẹ́ídà kan bá mi rọ irin tó gbé páàdì dúró. Ẹ̀ẹ̀mẹta la rọ ọ́ kó tó jókòó dáadáa. Díìsì bọ́ síwájú, díróòmù dúró lẹ́yìn. Nígbà tí mo parí, Làmídì gun orí àga, ó na ìka ẹsẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tẹ ẹyin. Ọkọ̀ dúró gbagidi. Áà! Ó pariwo "Allāhu Akbar" tó jẹ́ kí àwọn ará ìta wọlé wá wòran. Ó bọ́ sílẹ̀, ó dì mọ́ mi, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "O ti fún mi ní ogún ọdún sí i." Ẹ̀yin ọmọ yìí, kò sí ọjọ́ tí inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí rí.

Wọ́n ní ẹni tó bá ṣe ohun tẹ́nìkan ò ṣe rí, ojú rẹ̀ á rí ohun tẹ́nìkan ò rí rí. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà. Iwájú gbóná janjan, n kò lè ka ení tán. Ẹ̀yìn lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, ọ̀lẹ rèé. Mo yọ àwọn sìlíńdà kéékèèké tó ń ti ṣúù ẹ̀yìn, mo fi ńláńlá síbẹ̀, mo tún fún ṣúù náà pọ̀. Mo dán an wò, mo tún fún un pọ̀ sí i. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbóná dọ́gba. Kàmọ́rù, ohun tí o wá sọ fún mi láàárọ̀ yìí gan-an nìyẹn.

Mo jẹ́rìí ẹlẹ́rù. Iṣu kún inú ọkọ̀, a sọ̀ kalẹ̀ ní Òkè-Àdó, mo ní "Tẹ̀ ẹ́," ọkọ̀ dúró ṣinṣin. Ó ku ti òfìfo. A ní a ó ṣe é ní ọjọ́ kejì, tó bá ti já iṣu sí Bódìjà tán. Ọjọ́ kejì dé, ó wá pè mí kí n bá òun lọ Bódìjà. Ojú ọ̀run ṣú. Ẹ̀yìn ń dùn mí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀yìn ló dá mi dúró, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ìgbéraga ni. Gbogbo yáàdì ń kí mi kú iṣẹ́, àwọn ọlọ́kọ̀ ń wá wo díìsì, mo jókòó lórí àga bí olóyè. Mo ní fún Làmídì pé, "Máa lọ jàre. Ìjánu tí mo fọwọ́ ara mi ṣe, kí ló tún kù tí mo fẹ́ jẹ́rìí sí?" Ó ní, "Ó dáa." Ó lọ.

Ó já iṣu tán. Òjò bẹ̀rẹ̀ nígbà tó ń ti Bódìjà bọ̀ lọ sọ́nà Ọ̀jọ́ọ̀. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Agbowó, ọlọ́kadà kan já sójú títì níwájú rẹ̀. Ó tẹ ìjánu. Ìdí ọkọ̀ yí, ó fẹ́ di iwájú. Ọkọ̀ onípákó ńlá yẹn fi ẹ̀gbẹ́ rìn lórí omi, ó gbá ìsọ̀ obìnrin kan tó ń ta sìmẹ́ńtì, ó sì wọ gọ́tà. Obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lọ kó aṣọ kúrò lórí okùn ni. Ọlọ́run ló ṣe é. Ọlọ́kadà sá lọ. Làmídì jáde láti ojú fèrèsé, kò sí ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀. Àwọn èrò tó sá wá, ohun àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu wọn ni, "Bàbá yìí ò ríran mọ́! Wọ́n ṣì ń jẹ́ kó wa ọkọ̀?"

Wọ́n ránṣẹ́ pè mí, mo gun ọ̀kadà lọ. Kí n tó débi Làmídì, mo ti rí ilẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ títì tí ọkọ̀ gbà já sí gọ́tà, ẹrẹ̀ ni. Táyà iwájú fi ọnà rẹ̀ sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀ náà kedere, ìyẹn ni pé ó ń yí. Ti ẹ̀yìn nu ilẹ̀ lọ gbọọrọ bí ẹni fi pákó fa á. Kò yí rárá. Ìjánu ẹ̀yìn ló gán mọ́lẹ̀ kí ti iwájú tó ṣiṣẹ́ tán.

Ẹ gbọ́ ibi tí àṣìṣe mi wà, kí ẹ sì di í mú, nítorí ẹni tó bá jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Bí ọkọ̀ bá fẹ́ dúró, gbogbo ìwúwo rẹ̀ ló máa ń ya lọ síwájú, bí ẹ̀yin náà ṣe máa ń tẹ̀ síwájú lórí àga. Iwájú ló yẹ kó ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́, nítorí náà iwájú ló yẹ kó gbóná jù. Ẹ̀yìn á fúyẹ́, pàápàá bí ọkọ̀ bá ṣófo. Bí ìjánu ẹ̀yìn bá lágbára jù, táyà á gán, á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, táyà tó bá sì ti ń yọ̀ kò mọ ọ̀nà mọ́. Ẹrù iṣu ló bo àṣìṣe mi mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ tí mo jẹ́rìí. Òfin ẹ̀yìn ọwọ́ dára fún díróòmù mẹ́rin tí wọ́n ti bá ara wọn dọ́gba láti ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n. Ó kàn ń sọ èyí tó tú fún wa ni. Mo gbé òfin àtijọ́ lé ohun tuntun lórí. Sìlíńdà kékeré tí mo yọ kúrò yẹn, òun ló tọ́. Ká ní mo jẹ́rìí lófìfo ni, kódà lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ìdí ọkọ̀ ì bá ti jó lábẹ́ mi, ǹ bá sì ti mọ̀.

Wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà wá sí yáàdì lọ́jọ́ kejì. Alága àwọn dírẹ́bà wà ńbẹ̀, Kàmọ́rù wà ńbẹ̀, gbogbo èèyàn pé. Làmídì jókòó sórí táyà. Alága ní, "Bàbá, kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an? Ṣé ìjánu tuntun yẹn ni?" Làmídì gbójú sókè, ó wò mí. Mo la ẹnu. Ọlọ́run mi gbọ́, mo la ẹnu, ọ̀rọ̀ kò jáde. Mo rí gbogbo ọkọ̀ tó tò sílẹ̀ dè mí nínú yáàdì. Mo rí ọmọ mi méjì tó wà ní yunifásítì. Làmídì wò mí pẹ́. Ó wá yíjú sí alága, ó ní, "Ìjánu ò ṣe nǹkan kan. Ojú mi ni. Mi ò tètè rí ọlọ́kadà yẹn."

Kàmọ́rù, o na ọwọ́. O ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́." O sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, o kúnlẹ̀ pàápàá. Bàbá rẹ gbé kọ́kọ́rọ́ lé ọ lọ́wọ́. Mo dúró níbẹ̀, mi ò sọ nǹkan kan.

Lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn lọ, mo yọ sìlíńdà ńlá, mo dá kékeré padà. Mo fi fáàfù sójú páìpù ẹ̀yìn, èyí tó ń dín agbára ọ́ìlì tó ń lọ sẹ́yìn kù. Mo bu omi sórí iyanrìn lẹ́yìn yáàdì, mo wa ọkọ̀ náà lófìfo díẹ̀díẹ̀, mò ń yí fáàfù títí táyà iwájú fi ń kọ́kọ́ yọ̀ ṣáájú ti ẹ̀yìn. Ìgbà náà ló tó pé. Ẹlòmíràn ló wa ọkọ̀ yẹn lọ, kò sì tún yí rí. Èyí tó burú jù ni pé n kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní ohun tí mo ṣe yìí. Bí mo bá kọ́ yín, ẹ óò bi mí pé níbo ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí n má dárúkọ ohun tí wọ́n ń pe irú àgbà bẹ́ẹ̀.

Làmídì padà sí Ṣakí. Ọdún mẹ́rin ni n kò fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Iléyá dé, itan àgbò tèmi dé pẹ̀lú rẹ̀, n kò lọ dúpẹ́. Mo ń sọ fún ìyá àwọn ọmọ mi pé iṣẹ́ pọ̀. Ojú ń tì mí, ẹ̀yin ọmọ yìí. Mo ń sá fún ẹni tí mo fẹ́ràn jù láyé. Ìyàwó mi ló lé mi lọ níkẹyìn, ó ní bí n kò bá lọ, òun á lọ bi í léèrè ohun tí mo ṣe fún un.

Nígbà tí mo dé Ṣakí, tí mo sọ̀ kalẹ̀ lójú títì, ilé rẹ̀ ṣì jìnnà bí ibí sí ilé epo ọ̀hún. Mo rí ẹnìkan lábẹ́ igi tó ń ran fìlà. Kí n tó gbé ogún ìṣísẹ̀, ó ti kígbe láti ọ̀hún, "Ta ni mò ń wò yìí? Ará ilé! O ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ òsì tiro!" Òótọ́ ni, mo ń tiro díẹ̀, ẹnikẹ́ni ní Ìbàdàn kò tíì rí i. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Kò lo dígí ojú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló kì í tó wọlé.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọ̀rẹ́ mi. Mo ní, "Làmídì, ìjánu ni."

Ó ní, "Mo mọ̀. Ìdí ọkọ̀ kò tíì yí tán tí mo ti mọ̀. Ṣé èmi tí mo wakọ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́ ni kò ní í mọ̀ bí ẹ̀yìn bá gán?"

Mo ní, "Kí ló dé tó o gbà á sórí ara rẹ?"

"Bí wọ́n bá gbọ́ pé ọwọ́ rẹ ni, ta ló tún máa gbé ọkọ̀ wá? Àwọn ọmọ mi ń bọ́ mi. Ìwọ ṣì ń rán ọmọ nílé ìwé." Ó ran fìlà náà síwájú díẹ̀. Ó ní, "Ọkọ̀ wíwà tí mo pàdánù dùn mí, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí jù ni pé o ò wá. Ojoojúmọ́ ni mò ń wo ojú títì yìí." Mo sunkún bí ọmọdé. Ó jẹ́ kí n sun ún tó. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n gbé iṣu wá.

Kí n tó padà, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Má sọ fún Kàmọ́rù. Ó rò pé òun gba ẹ̀mí mi là ni. Jẹ́ kó máa rò ó bẹ́ẹ̀." Mo ṣe ìlérí fún un. Ẹ̀ẹ̀mẹfà péré ni mo tún rí i kó tó kú.

Mo ti ba ìlérí yẹn jẹ́ báyìí, lójú gbogbo yín. Làmídì á bínú sí mi. Ṣùgbọ́n Kàmọ́rù, ọkọ̀ tó wà níta yẹn, ìwọ lo fẹ́ wà á lọ sí Ọ̀jọ́ọ̀ nínú òjò yìí, lófìfo, pẹ̀lú ìjánu tí mo fi ṣe bàbá rẹ báyẹn. Bí mo bá tún dákẹ́, ìwọ ni yóò jẹ́ ẹ̀kejì. Tú ẹ̀yìn rẹ̀, dá sìlíńdà kékeré padà, ra fáàfù. Èmi fúnra mi ni yóò jókòó tì ọ́, ì báà ṣe ọ̀la, ì báà ṣe ọ̀tunla.

O máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé bàbá rẹ kò ríran mọ́ nígbà tó dàgbà. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ lọ́jọ́ ìsìnkú, mo sì tún dákẹ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ ríran títí ọjọ́ tó fi kú. Kọ́kọ́rọ́ tí o gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbà á. Èmi ni mo gbà á, ọwọ́ rẹ ni mo fi gbà á.

Kí ló dé tó o kàn ń wò mí? Bú mi, mo gbà. Gbá mi létí bó bá wù ọ́, kò sẹ́ni tó máa dá ọ dúró níbí. Sọ̀rọ̀, ọmọ Làmídì. Má wò mí bí bàbá rẹ ṣe wò mí lọ́jọ́ náà.